Ẹsẹ̀ Tí Kò Kó Eruku

Àtẹ́lẹsẹ̀ òkú náà mọ́. Ohun tí Huguette Fágbohùn, kọmísẹ́ẹ̀ àwọn ọlọ́pàá Pobè, kọ́kọ́ rí nìyẹn, ohun náà ni kò sì jẹ́ kó tètè dìde níbi tó lóṣòó sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo èèyàn tó kún ẹnu ọ̀nà ilé àdúrà ń retí pé kó sọ̀rọ̀.

Ọyẹ́ ti mú dáadáa ní Ahoyéyé. Ilẹ̀ pupa agbègbè Pobè ti gbẹ di lẹ́búlẹ́bú. Bí adìyẹ bá sáré kọjá, eruku á dìde tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ ìjọ tó dúró níta wọ sùtánà funfun láìwọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ẹsẹ̀ gbogbo wọn sì pọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀. Ti Zacharie Dúrótìmí nìkan ló mọ́ bí ẹsẹ̀ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún. Ó dojú bolẹ̀ níwájú pẹpẹ nínú sùtánà tirẹ̀, ó na apá méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń bẹ Ọlọ́run. Ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ ti fọ́. Ọmọ ìka tó kéré jù kò sí ní ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ yẹn ti jinná tipẹ́tipẹ́.

"Ó ṣubú ni, Ọ̀gá," ni Martial wí, ọlọ́pàá tó máa ń bá a ṣiṣẹ́. "Wọ́n ní ó ń gbààwẹ̀. Òòyì kọ́ ọ, ó forí gbá àtẹ̀gùn pẹpẹ."

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà?"

Martial wo àtẹ̀gùn náà. Ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ojú obì kan lọ.

"Láti ojú títì dé ibí, ilẹ̀ pupa ni," ni Huguette wí. "Kò wọ bàtà. Ta ló gbé e kọjá eruku?"

Martial bojú wo ẹsẹ̀ òkú náà. Huguette fà á mọ́ra, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. "Ẹnì kan fọ ẹsẹ̀ yìí. A kì í fọ ẹsẹ̀ tí kò ní nǹkan lára. Sọ fún dókítà pé kó wo àárín ìka rẹ̀ kó tó wo orí."

*

Kì í ṣe pé Zacharie jẹ́ èèyàn ńlá. Ọmọ ọ̀pẹ ló ń mú hù fún àwọn àgbẹ̀, kì í pariwo, ó sì máa ń gbàdúrà fáwọn aláìsàn láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ìbò ìgbìmọ̀ ìlú tó kọjá ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo Pobè ń wò.

Nínú ìbò yìí, ẹgbẹ́ ni wọ́n ń dìbò fún, kì í ṣe èèyàn. Bí ìbò ẹgbẹ́ kan bá ṣe pọ̀ tó ni ìjókòó rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á to orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí gbogbo ayé rí i. Ẹni tó wà lókè ló máa kọ́kọ́ jókòó. Bí nǹkan bá ṣe é, ẹni tó tẹ̀lé e á gba ipò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìbò Pobè tán, Ẹgbẹ́ Ọkọ́ àti Ẹgbẹ́ Igbá dọ́gba geere. Ẹgbẹ́ Àtùpà, tó kéré jù, rí ìjókòó kan ṣoṣo. Ti Zacharie ni. Ibi tó bá na ọwọ́ sí ni mẹ́ẹ̀ tuntun, ẹni tí yóò ṣe olórí ìlú, yóò ti wá.

Zacharie sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò ní na ọwọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gé ilẹ̀ oko Ahoyéyé tà fún àwọn tó ń kọ́lé.

Grâce, ìyàwó rẹ̀, jókòó lórí àpótí láàárín àwọn ọmọ ọ̀pẹ tí ọkọ rẹ̀ tò sábẹ́ ìbòòji. Ojú rẹ̀ gbẹ. Huguette kúnlẹ̀ kí i, ó wá fa àpótí mìíràn mọ́ra.

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, kí ló sọ fún yín kó tó jáde?"

"Ó ní òun fẹ́ lọ gbàdúrà sí ilé tuntun fún ẹnì kan. Ó wọ sùtánà rẹ̀ níbí. Ọ̀sán Sátidé ni."

"Ilé ta ni?"

"Mo bi í. Ó ní ẹni náà bẹ òun pé kí òun má sọ, torí ojú ayé. Ó ní ọkọ̀ á wá gbé òun lójú títì." Ó fọwọ́ gbọn eruku kúrò lára ewé ọmọ ọ̀pẹ kan. "Ọkọ mi kì í kọ àdúrà fún ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀tá rẹ̀ ló bá pè é, á lọ."

"Ẹ rí ọkọ̀ náà?"

"Mi ò rí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí bó ṣe ń lọ."

*

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìlú ti dá ẹjọ́ náà fúnra wọn. Wọ́n ní Pacôme ni.

Pacôme ló tẹ̀lé Zacharie nínú orúkọ Ẹgbẹ́ Àtùpà. Ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ti jà ní gbangba lẹ́yìn ìbò, torí Pacôme fẹ́ kí wọ́n dara pọ̀ mọ́ Ẹgbẹ́ Igbá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, Zacharie sì ní kí wọ́n ní sùúrù kí àwọn yẹn kọ́kọ́ ṣèlérí lórí ilẹ̀ oko. Èyí tó wá burú jù ni ti kọ́kọ́rọ́. Méjì péré ni kọ́kọ́rọ́ ilé àdúrà. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Zacharie, ọ̀kan wà lọ́wọ́ Pacôme. Ti Zacharie kò sí lára òkú rẹ̀. Pacôme ló sì ṣí ìlẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, òun nìkan, kí àwọn yòókù tó dé.

Wọ́n mú un wá sí àgọ́ ọlọ́pàá Pobè kí àwọn ọ̀dọ́ má baà dáná sun ilé rẹ̀. Àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ tóbi, kò sì mọ ibi tó máa gbé e sí.

"Ẹ bá a jà?" ni Huguette bi í.

"Mo bá a jà. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ṣé èèyàn kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà?"

"Níbo lẹ wà lọ́sàn-án Sátidé?"

"Oko."

"Ta ló rí yín?"

"Kò sẹ́ni tó rí mi, Màdáàmù Kọmísẹ́ẹ̀."

"Nígbà tí ẹ dé ilé àdúrà láàárọ̀, báwo lẹ ṣe bá ìlẹ̀kùn?"

"Wọ́n tì í pa. Èmi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ mi ṣí i."

"Ó dá yín lójú?"

Pacôme gbójú sókè. "Ó dá mi lójú. Mo mọ̀ pé okùn ni mò ń fi kọ́ ara mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n wọ́n tì í."

Nígbà tí wọ́n mú un padà sí yàrá rẹ̀, Martial mí kanlẹ̀. "Ó ti parí, Ọ̀gá. Òun ló jèrè, òun ló ní kọ́kọ́rọ́. Kí la tún ń wá?"

"Ta ló sọ fún wa pé wọ́n ti ìlẹ̀kùn?"

"Òun náà ni."

"Òun nìkan. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ló pa á, kí ló máa ná an láti sọ pé òun bá a ní ṣíṣí? Gbólóhùn kan yẹn ì bá gbà á sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè já a nírọ́." Huguette dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé. "Apààyàn tó bá gbọ́n tó láti fọ ẹsẹ̀ òkú kò ní fẹnu ara rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó ti ìlẹ̀kùn yẹn fẹ́ ká mú Pacôme ni."

"Àwọn Ẹgbẹ́ Ọkọ́ ni nígbà náà. Àwọn ló fẹ́ gé ilẹ̀ oko tà, wọn kò sì fẹ́ Zacharie."

"Wọn kò fẹ́ Pacôme náà. Pacôme kò fẹ́ kí wọ́n gé ilẹ̀, Ẹgbẹ́ Igbá ló sì ń tẹ̀ sí. Bí wọ́n bá pa Zacharie kí Pacôme lè jókòó, wọ́n sọ oko wọn di igbó ni. Bí Zacharie bá kú, tí Pacôme sì wẹ̀wọ̀n nítorí ikú rẹ̀, ta ló kàn?"

Martial ronú. Ó ti rí orúkọ yẹn lára ògiri ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kò kà á sí. "Obìnrin kan. Laure. Ọmọ Ahoyéyé ni, àmọ́ Sakété ló ń gbé báyìí, nílé ọkọ. Aránṣọ ni. Òfin ní kí obìnrin wà níbẹ̀, ni wọ́n ṣe fi í sí i."

Fóònù dún. Dókítà ni. Huguette gbọ́ ọ dé òpin, kò sọ ju "ẹ ṣeun" lọ. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Sìmẹ́ǹtì ló wà láàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti gan mọ́ awọ, ó sì ti bó o. Ilé tuntun tó lọ gbàdúrà sí, ilẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ." Ó mú àpò rẹ̀. "Dókítà tún sọ nǹkan mìíràn. Ọkùnrin yẹn kò kú lójú ẹsẹ̀."

*

Sakété kò jìnnà. Oòrùn ti gòkè nígbà tí wọ́n débẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Laure wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lábẹ́ páànù, ó ń rán aṣọ ilé ìwé. Ọkọ rẹ̀, Arnaud, jáde wá bá wọn, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ bí ẹni tó ń retí àlejò. Òun ló ń ṣètò Ẹgbẹ́ Àtùpà ní Pobè àti Sakété. Kò sí ìpàdé tí wọ́n ṣe tí kò sí níbẹ̀. Bàṣé rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó fi tapólì bò lẹ́yìn, wà lábẹ́ igi máńgòrò.

"Ẹ kú ìrìn, Kọmísẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Fòfó Zacharie, ẹ̀gbọ́n wa, dùn wá wọra. Ṣé òótọ́ ni pé ẹ ti mú Pacôme?"

"Ó wà lọ́dọ̀ wa."

"Kí òfin ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó kàn dunni ni. Ẹni tí ilé ẹjọ́ bá sì dá lẹ́bi ìpànìyàn kò lè jókòó nínú ìgbìmọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló wá kàn?"

"Mo rò pé Laure ni," ni Arnaud wí.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Èmi?" ni Laure bi í. "Kí ni mo mọ̀ nínú rẹ̀? O ní orúkọ lásán ni."

Huguette wo ojú obìnrin náà pẹ́. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, ìyàlẹ́nu lásán ni. Ó yíjú sí ilé tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn ọgbà, tí wọ́n ti kan òrùlé rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì ní ìlẹ̀kùn.

"Tiyín nìyẹn? Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n yọjú sí i."

"Kò tíì ṣeé wò, Kọmísẹ́ẹ̀. Eruku pọ̀."

"Ẹsẹ̀ mi ti mọ eruku," ni Huguette wí, ó sì ti ń lọ.

Yàrá àkọ́kọ́, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú àwo. Ọwọ́ mọlémọlé tó mọṣẹ́ ló tẹ́ ẹ. Ti yàrá kejì náà rí bẹ́ẹ̀, àyàfi lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ dúdú ju ìyókù lọ. Ẹnì kan ti fi sìmẹ́ǹtì mìíràn ra á lójú, ó sì rí ṣákaṣàka bí ẹ̀kọ tí ọmọdé rò. Bíríkì tó ṣẹ́ kù wà ní ìtòsí, wọ́n tò ó jọ, etí wọn mú.

"Kí ló ṣe ibí?" ni Huguette bèèrè.

"Ewúrẹ́ ni. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó gbẹ. Èmi ni mo tún un ṣe."

Laure ti tẹ̀lé wọn wọlé, abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ewúrẹ́ ta ni?" ni ó bèèrè, bí ìyàwó ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀ ilé lọ́wọ́ ọkọ. "Kò sẹ́ni tó ń sin ewúrẹ́ ládùúgbò yìí. O ò sì sọ fún mi."

Arnaud kò wò ó.

Huguette wo Martial. Martial mú òòlù kan láàárín irinṣẹ́ àwọn mọlémọlé, ó kúnlẹ̀, ó rọra ń kàn án. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n rẹ́ lé e lórí kò nípọn. Ó ń ṣí kúrò bí èèpá ìdí ìkòkò. Nísàlẹ̀ rẹ̀, nínú ilẹ̀ àkọ́kọ́ tó ti gbẹ, ojú ẹsẹ̀ èèyàn kan hàn kedere, ẹsẹ̀ ọ̀tún, láìwọ bàtà. Ìka mẹ́rin ló ní. Níwájú rẹ̀, ibì kan rí bí ibi tí nǹkan wúwo ti ṣubú tí wọ́n sì wọ́ ọ lọ.

Laure wo ẹsẹ̀ náà. Ọmọ Ahoyéyé ni. Láti kékeré ló ti mọ ọkùnrin tí àdá gé ọmọ ìka rẹ̀ nínú oko ọ̀pẹ. Ó fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lo pè é wá ṣe?" ni Huguette bi Arnaud. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

"Àdúrà ni. Mo ní kó wá ya ilé sí mímọ́. Mo mọ̀ pé kò ní kọ̀." Arnaud kọjú sí ògiri. "Mo kàn fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbọ́ ni. Olórí Ẹgbẹ́ Ọkọ́ ti ṣèlérí fún mi pé bí Àtùpà bá ti òun lẹ́yìn, ọwọ́ mi ni pípín ilẹ̀ Ahoyéyé máa wà. Mo ti fún un lọ́rọ̀ mi. Zacharie gbàdúrà tán, ó gbọ́ mi, ó ní òun kò lè ta oko tí òun kò dá. Ó yí padà láti máa lọ. Mo tì í. Mo búra, mo kàn tì í ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú sìmẹ́ǹtì, ó forí gbá bíríkì."

"Ó kú?"

Arnaud tẹjú mọ́ ilẹ̀.

"Mo bi ọ́ léèrè. Ó kú lójú ẹsẹ̀?"

"Ó ń mí."

"Ilé ìwòsàn kò jìnnà síbí. Bàṣé rẹ wà níta."

"Mo mọ̀."

"Kí lo wá ń ṣe?"

"Mo jókòó tì í." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Mo ní bí mo bá gbé e lọ, á sọ̀rọ̀, mo gbé. Lẹ́yìn náà mo rò ó pé bó bá kú, Pacôme ló kàn, Pacôme kò sì ní gbọ́ tèmi. Mo wá rántí pé ọwọ́ Pacôme ni kọ́kọ́rọ́ kejì wà. Mo rántí ẹni tó tẹ̀lé Pacôme."

Ariwo kékeré kan jáde lẹ́nu Laure níbi tó jókòó sí.

"O jókòó ti ẹni tó ń mí," ni Huguette wí, "ò ń ṣírò ìjókòó."

"Ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó dákẹ́. Mo fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ torí sìmẹ́ǹtì, mo gbé e lọ sí ilé àdúrà, mo fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn, mo jù ú sí inú ṣáláńgá."

"Ó sọ nǹkan kan?"

Nígbà tí Arnaud dáhùn, Martial nìkan ló lè wò ó lójú, torí Huguette ti yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

*

Olórí Ẹgbẹ́ Ọkọ́ ní òun kò rán ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ ikú. Òótọ́ ló sọ, òfin kò sì ní ohun tó lè fi mú un. Huguette jáde ní ọ́fíìsì rẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn.

Pacôme padà sílé, ṣùgbọ́n ó ní òun kò gba ìjókòó náà, pé ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Àwọn àgbà Ahoyéyé bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Laure ló wá yí i lọ́kàn padà. Ó wá láti Sakété lórí ọ̀kadà, kò wọlé, ó kúnlẹ̀ sínú eruku ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Fòfó, bí ẹ bá kọ̀ ọ́, orí mi ló máa já lé. Mi ò lè kọjá níwájú Ìyá Grâce kí n lọ jókòó síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ohun tí Arnaud tìtorí rẹ̀ pa èèyàn tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́."

Pacôme fà á dìde. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó ní Pobè, ó wà níbẹ̀. Àwọn Ẹgbẹ́ Igbá ṣèlérí lójú gbogbo ìlú pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ilẹ̀ oko Ahoyéyé. Pacôme na ọwọ́, mẹ́ẹ̀ tuntun sì jáde. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ dé ojú títì. Òun kò pàtẹ́wọ́.

Grâce kò wọ inú gbọ̀ngàn. Ó dúró síta lábẹ́ igi, nínú aṣọ ọ̀fọ̀, Huguette sì lọ bá a níbẹ̀. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí ariwo fi rọlẹ̀ díẹ̀.

"Wọ́n ní kò kú lójú ẹsẹ̀," ni Grâce wí. "Gbogbo èèyàn ń pa á mọ́ fún mi. Ẹ̀yin ẹ má pa á mọ́."

Huguette ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn fa òótọ́ jáde lẹ́nu àwọn tí kò fẹ́ sọ ọ́. Kò rí ọ̀nà tó máa gbà fi òótọ́ du ẹni tó bèèrè rẹ̀.

"Kò kú lójú ẹsẹ̀, Ìyá. Ó mí títí ilẹ̀ fi ń ṣú."

"Ó sọ̀rọ̀?"

"Ó ní kí wọ́n pè yín. Orúkọ yín ló ń pè. Kò pe orúkọ ẹlòmíràn."

Grâce di igi náà mú. Ó pẹ́ kó tó gbé orí sókè, ó sì kọjú sí ọ̀nà Sakété, níbi tí ọkọ̀ ń gbé eruku dìde.

Àwọn àgbà sọ pé a kì í jẹ́ ìpè òkú. Obìnrin náà mọ̀ ọ́n, torí inú ilé àwọn àgbà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà.

"Oo," ni ó dáhùn, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tí wọ́n pè láti yàrá kejì lọ.